Àwòrán Mẹ́ta Àkọ́kọ́

Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ìyá Àwòrán, òun náà sì ti gbà fún wọn tipẹ́. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti fi kọ́tìnnì dí, kí ó máa wo inú ọmọ aráyé lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ CT á gé èèyàn wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé búrẹ́dì, láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ MRI á máa pariwo bí ẹni ń lu páànù, á sì fi iṣan àti ọpọlọ hàn kedere. Ìyá Àwòrán á wo gbogbo rẹ̀, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, àwọn dókítà yòókù á sì gbé ọ̀bẹ tàbí kí wọ́n gbé e sílẹ̀ nítorí ohun tó kọ. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo tó kórìíra níbẹ̀ ni kí wọ́n ní kí ó wá kàwé. Òfin ni pé ní ọdún méjì-méjì, dókítà tó ń wo àwòrán gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun. Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í bá ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Tíì ni wọ́n ń bá lọ, àti ìwé ìbuwọ́lù. Wọ́n á buwọ́ lù ú láàárọ̀, wọ́n á tún buwọ́ lù ú lọ́sàn-án, ẹni tí kò bá sì buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti pàdánù sàtífíkéètì nìyẹn, ì báà jẹ́ òun ló kọ́ ilé ìwòsàn náà. Láàárín méjèèjì, oorun ni. Ìyá Àwòrán a máa jókòó sẹ́yìn pátápátá, á bọ́ bàtà sábẹ́ àga, á máa ka ìròyìn lórí fóònù. "Ẹni tó ti ń dáná láti ogún ọdún," ni ó máa ń wí, "ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣáná?"

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìparí oṣù ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ máa kú. Ẹ̀kọ́ náà wà ní ilé ìwòsàn kan ní òdìkejì ìlú, nínú yàrá gígùn kan tí kọ̀ǹpútà méjìlá wà nínú rẹ̀, tó tutù débi pé àwọn obìnrin ń fi gèlè bo èjìká. Olùkọ́ wọn jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju ti àkọ́bí Ìyá Àwòrán lọ. Orí àwòrán MRI orúnkún ni ọjọ́ kìíní parí sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìdánwò kalẹ̀.

"Àwòrán CT ikùn kan ló wà níwájú yín yẹn," ó ní. "Aláìsàn yìí ní inú ń run òun. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí."

Ìyá Àwòrán kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òkúta wà nínú àpò òróòro, ó ń dán gbinrin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yíjú sí dókítà oníkùn ńlá tó jókòó tì í.

"Ọmọ yìí kàn ń fi wá ṣeré ni," ó ní.

Olùkọ́ gba ìwé méjèèjìlá, ó kà wọ́n tán, kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín lẹ rí òkúta. Ẹni mélòó ló wo àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ẹ̀rọ CT bá ń ya ikùn, òkè ikùn díẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró fi máa ń yọjú nínú àwòrán bíi mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ikùn, ẹ̀dọ̀fóró kò ju dúdú lásán lọ, àfi kí èèyàn yí ìmọ́lẹ̀ náà padà. Olùkọ́ yí i padà. Nǹkan funfun kékeré kan jókòó sí igun ọ̀tún, jẹ́ẹ́jẹ́, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

"Òkúta kọ́ ló pa ẹni yìí," ó ní. "Ojú tó bá ti rí ohun tó ń wá, ńṣe ló máa ń jókòó sinmi. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀."

Dókítà oníkùn rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rín in. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́ ni. Ìyá Àwòrán náà ti ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rù bà á dé ìdí ọkàn.

Káfíńtà ni àbúrò náà, àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, Ìyá Àwòrán sì mú un gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó ní kí ayàwòrán tó ń darí ẹ̀rọ CT bá òun ya ikùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láàárín ara wọn. "Bá mi wò ó" ni wọ́n ń pè é. Bó bá jẹ́ àwòrán ẹni ẹlẹ́ni, dókítà méjì ni yóò wò ó, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá jẹ́ ti ẹbí dókítà, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ojú kejì, ìfẹ́ ni wọ́n sì ń pe ìyẹn. Lórí ìdúró ni Ìyá Àwòrán wo ti àbúrò rẹ̀, báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó rí òkúta nínú kíndìnrín òsì, ó gbá a lẹ́yìn. "Òkúta lásán ni. Máa mu omi, ọ̀lẹ." Nígbà tí òkúta náà jáde, ọkùnrin náà fi pamọ́ sínú páálí ìṣáná, ó ń fi han àwọn oníbàárà.

Ṣé ó wo àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́? Kò sí ohun tó fẹ́ rò níbẹ̀. Orí kíndìnrín ló kọ́kọ́ lọ, orí kíndìnrín náà ló sì parí sí.

Nígbà tí wọ́n lọ mu tíì, ó jáde síbi àtẹ̀gùn, ó fi fóònù pe àbúrò rẹ̀. Ó ń gbọ́ ariwo ayùn lẹ́yìn.

"Ṣé ara le?"

"Ara le, àǹtí mi. Ẹ kúuṣẹ́. Àfi ṣòkòtò tó ń já bọ́ nídìí mi ṣáá. Ìyàwó mi ní àìjẹun ni, Màmá ní àìsùn ni, èmi sì ń jẹ, mo tún ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tètè tán. "Eruku igi ni, jàre."

Ó padà wọlé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó mú báàgì. Olùkọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, tí ẹ bá lọ báyìí, ẹ ò ní lè buwọ́ lùwé ọ̀sán o. Mi ò sì ní lè bá yín ṣe é."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì ń lọ.

Ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ẹnu ya ayàwòrán láti rí i. Ìyá Àwòrán ní kí ó bá òun wá àwòrán àbúrò òun ti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Nítorí pé kò sí fọ́ọ̀mù, àwòrán náà kò ní nọ́ńbà, àwòrán ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Bí ó ti ń pẹ́ ni Ìyá Àwòrán ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kí ẹnì kan ti pa á rẹ́.

Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Ó fà á lọ sókè pátápátá, ó yí ìmọ́lẹ̀ padà. Àwòrán kìíní kò ní nǹkan kan nínú, ìkejì náà kò ní. Nínú ìkẹta ni ó wà, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń wò?" ayàwòrán bi í.

Ìyá Àwòrán gbé fóònù. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní kí ó máa bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó bá wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin náà dé tòun ti eruku pákó lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Àwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù: orúkọ, ọjọ́ orí, àyà. Ẹ̀rọ ní kí àbúrò rẹ̀ mí sínú kí ó sì dá èémí dúró, ó sì dá a dúró bí ọmọ dáadáa. Lẹ́yìn gíláàsì, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Hóró ẹ̀wà ti tó ẹyin àdàbà. Kò sì dá wà mọ́: ó ti ní ẹgbẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró kejì, àti nínú ẹ̀dọ̀. Ayàwòrán mú ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó bojú wolẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó jókòó sórí àga tó kángun sí kọ́tìnnì.

"Àǹtí mi, òkúta tún ni?"

"Rárá." Ó sọ ohun tó rí fún un. Ó ní wọ́n máa gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ́la láti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òun mọ jẹjẹrẹ tí òun bá rí i.

Ọkùnrin náà nu eruku pákó kúrò lórí. "Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

Àwòrán àtijọ́ kò ní nọ́ńbà, kò ní fọ́ọ̀mù, ìka kan ṣoṣo ló tó láti pa á rẹ́. Ìyá Àwòrán mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, mi ò sì ní sọ pé kò rò ó.

"Ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń gbá ọ lẹ́yìn," ó ní. "Mi ò wo ibẹ̀."

"Ká ní ẹ wò ó ńkọ́?"

"Wọn ì bá ti yọ ọ́."

Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Tí mo bá ń wá ìṣó nínú pákó," ó sọ níkẹyìn, "èmi náà kì í rí ibi tó ti sán." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìyá Àwòrán ì bá fẹ́ràn kí ó bú òun.

Kí ó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọkùnrin náà ti ń pe ìyá wọn lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má fòyà. Wọ́n rí nǹkan kan láyà mi ni o. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí mi, àwọn ni wọ́n tètè rí i."

Ìyá Àwòrán mirí, ó na ọwọ́ láti dá a dúró. Àbúrò rẹ̀ fi fóònù náà sínú ọwọ́ ọ̀hún. Ẹkún ti wà lóhùn ìyá wọn, àdúrà sì ti wà nínú ẹkún.

"Ọmọ mi, ojú tí o fi rí i yìí kò ní fọ́. Bí o ṣe ṣe é fún àbúrò rẹ yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ á ṣe é fún ọ."

Àbúrò rẹ̀ ń wò ó láti orí àga.

"Àmín, Màmá," ni Ìyá Àwòrán dáhùn.