Ọwọ́ Bàbá Lórí Ẹ́ńjìnnì

"Ẹ pa rédíò yẹn!" Bàbá mi àgbà ló pariwo bẹ́ẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́. Ó ti tẹ̀ ba sí ẹ̀yìn mọ́tò kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàpá, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì tó ń kùn. Òórùn bẹntiróòlù àti rọ́bà gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó dijú bí ẹni tó ń ṣàdúà. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-kéwú dé, dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò fẹ́ mí pàápàá.

Mushin ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́yìn ilé wa, kò jìnnà sí ọjà Ládìpọ̀. Ìjàpá nìkan ni Bàbá ń tún ṣe. Á fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò wo ló ń gbé ìfun sí ìdí? Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí mọ́tò bá ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á ní síìtì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ló ti já. Bó bá ń dún kó-kó-kó nínú kòtò, á ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀, kí wọ́n lọ wo ẹsẹ̀ iwájú. "Etí máa ń tanni," ló máa ń wí. "Ọwọ́ kì í tanni."

Ọwọ́ yẹn ló padà dà á. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé omi ń dà nù lẹ́nu bútà bí Bàbá bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu tíì rẹ̀ sí ìlàjì ife. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, gbogbo Ìjàpá tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, síìtì rẹ̀ ló já. Àwọn ọmọṣẹ́ á gbé jáàkì, wọ́n á tú síìtì tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á fi òmíràn sí i. Bí Bàbá bá bi wọ́n pé ṣé ó ṣì ń gbọ̀n, wọ́n á ní, "Ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, Ọ̀gá." Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó.

Àǹtí kan tó ń ṣe tíṣà ní Sùúrùlérè gbé tirẹ̀ wá, ó ní iwájú rẹ̀ ń dún nínú kòtò. Bàbá gbọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ló ṣí, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Síìtì ni."

Àwọn ọmọṣẹ́ wo ara wọn, wọ́n sì pààrọ̀ síìtì. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò náà yọ lórí eré, ó já sí gọ́tà. Àǹtí náà kò kú, àmọ́ kò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rìn dáadáa mọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ́ mọ́tò náà padà dé, Bàbá lé gbogbo ọmọṣẹ́ jáde. Ó lọ síbi Ìjàpá tí òun fúnra rẹ̀ máa ń wà, kò tan án. Ó ṣí i, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì tútù náà, ó sì pè mí.

"Gbé ọwọ́ rẹ lé e. Ṣé ó ń gbọ̀n?"

"Kò gbọ̀n, Bàbá. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n."

"Àwọn ọmọ yẹn mọ̀?"

"Gbogbo ilé ló mọ̀, Bàbá."

Kò gbé ọwọ́ kúrò. "Ẹ wá ń wò mí níran," ló wí. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa ṣe é lọ."

Kò tún fọwọ́ kan mọ́tò mọ́. Ó ń jókòó síta, kì í fèsì tí wọ́n bá ń pè é ní Ọ̀gá, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ó ṣì ń dùn mí. A bọ̀wọ̀ fún un títí ó fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

Èmi náà ti ń dàgbà báyìí. Bí ọmọ mi bá ní, "Mọ́mì, ẹ ti ṣì í o," inú máa ń bí mi, àmọ́ ọwọ́ Bàbá á wá sí mi lọ́kàn. Màá ní kó tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa.