Yàrá Onígíláàsì Kan àti Ẹjọ́ Tí Mo Rò Nínú Rẹ̀

Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. N kò fi èyí tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tí wọ́n fi bú mi níwájú mọ́sálásí ni, ó sì sàn kí ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Yàrá kan ni wọ́n torí rẹ̀ bú mi, yàrá onígíláàsì tí mo ṣe sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún obìnrin àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo fẹ́ sọ bí yàrá náà ṣe rí nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, àti bí ó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n dá mi lẹ́bi.

Màmá ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àárín ilé àtijọ́ kan ni yàrá tí ó ń sùn wà, ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sí ojú fèrèsé. Oòrùn kì í débẹ̀. Ní ìgbà òjò, ògiri a tutù rinrin. Bí ọyẹ́ bá sì dé, orúnkún Màmá a le débi pé orí àga ni yóò ti kírun. Ohun tí ó bẹ ọmọ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí ó wá ibi kan fún òun tí òun yóò ti máa rí oòrùn àárọ̀, tí òun yóò ti máa wo títì àti omi ọ̀sà tí ó hàn díẹ̀ láàárín ilé méjì, tí ooru ọ̀sán kò sì ní lé òun kúrò níbẹ̀.

Alhaji ni ọmọ yìí, ó ń ta aṣọ ní ìdì-ìdì láàárín ọjà Èkó. Ó mú mi gòkè, ó fi fàráńdà hàn mí.

Ó ní, "Ẹ fi gíláàsì yí i ká, Bàbá Káfíńtà, kí ó máa dán bíi ti báńkì."

Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá iṣẹ́ ni mo wá ṣe tàbí ìsinmi. N kò mọ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé sórí bébà. Ọ̀nà tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni mo mọ̀. Bí oòrùn bá ti yọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí ó dé lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìrun Àílà, mo tún fa òmíràn. Bí ó bá di Aláàsárì, mo tún fa ẹ̀kẹta. Mo jó tùràrí díẹ̀, mo sì ń wo ibi tí èéfín rẹ̀ ń tẹ̀ sí, kí n lè mọ ọ̀nà tí atẹ́gùn òkun ń gbà wọlé. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ṣé ilẹ̀ mi lo fẹ́ sọ di síléètì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, èyí tí n kò kà tán nílé ìwé ni mò ń parí. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ohun tí àwọn ìlà náà kọ́ mi nìyí. Oòrùn àárọ̀ ń wọlé jinlẹ̀, ó ń bá ògiri àtijọ́ náà. Ti ọ̀sán kò lè wọlé bí etí òrùlé bá gùn tó. Ti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀tá, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà wá, lókè pánù aládùúgbò, ó sì mú. Nítorí náà, ìhà ìlà oòrùn nìkan ni mo fi gíláàsì sí, mo sì ṣe é ní fèrèsé tí ń ṣí. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, pẹlẹbẹ pákó ni mo tò, tí ọ̀kan bo èkejì lórí bí ìpẹ́ ẹja, tí atẹ́gùn ń gbà á wọlé nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò lè gbà á. Mo kan àjà pákó sábẹ́ pánù, mo sì fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, mo dá ojú gbọọrọ kan sí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ta nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn, mo kan ìdérí sí i, mo sì so okùn mọ́ ọn. Ooru a máa lọ sókè. Bí ó bá rí ọ̀nà, yóò jáde; bí kò bá rí, orí ènìyàn ni yóò padà wá.

Okùn yìí di iṣẹ́ Màmá. Bí oòrùn bá mú, ó fà á, ó ṣí i. Bí òjò bá ṣú, ó pa á dé. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ń ti ohun gbogbo lẹ́yìn Aláàsárì, ògiri tí ó ti mu oòrùn láti àárọ̀ a sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó àkókò oorun. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri náà ní ọjọ́ kan tí mo wá wo iṣẹ́, ó ní ó ń ṣe òun bí ìgbà tí òun pọn ọmọ. Ọdún kan gbáko ni ó fi gbádùn yàrá náà, nínú òjò, nínú ọyẹ́, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. N kò tún gòkè lọ lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí ènìyàn kì í déédéé gun òkè lọ sí yàrá ìyá onílé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Èyí ni kò jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn mi.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, bí a ti kí ìrun Jímọ́ọ̀ tán, tí àwọn ènìyàn ń wọ bàtà wọn, Alhaji já wá bá mi nínú èrò. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó pè mí ní ìwọ, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ.

"Ìwọ káfíńtà yìí, ààrò búrẹ́dì lo kọ́ fún ìyá mi. Díẹ̀ ló kù kó jinná nínú rẹ̀ lánàá. Kí ló tilẹ̀ mú mi gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò kàwé?"

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Màmá. Ó ní òòyì kọ́ ọ nínú yàrá náà ní ọ̀sán, àwọn ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ ààrò, àwọn mìíràn sì bá a rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kò sí lórí èébú náà pàápàá. Ohun tí mo ń rò ni pé bóyá lóòótọ́ ni mo ṣe àṣìṣe. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń tún yàrá náà kọ́ nínú ọkàn mi, tí mo ń wá ibi tí ọwọ́ mi ti yẹ̀. N kò rí i. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ní orúkọ tuntun ní àdúgbò: Káfíńtà Aláàrò.

Mo lọ bá baálé agboolé wọn, àbúrò ọkọ Màmá tí ó ti kú. Mo ní n kò wá jà, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi. Ó rò ó díẹ̀, ó wá ní nínú yàrá náà gan-an ni a ó jókòó sí, lẹ́yìn ìrun Àílà, kí gbogbo wa lè jọ fi ara gbọ́ ọ.

Iná kò sí lọ́jọ́ náà. A jẹ́ mẹ́rin: baálé, Màmá, Alhaji àti èmi. A kò tíì kí ara wa tán tí òógùn fi bo baálé. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó gbójú sókè síbi tí ó ti máa ń rí okùn Màmá.

Ó ní, "Níbo ni okùn wà?"

Alhaji bi í pé okùn wo.

Màmá dáhùn pé, "Okùn tí mo fi ń ṣí òkè. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ tútù wá ló gé e. Mo sọ fún ọ, o ní kí n má dá sí i."

Ìgbà náà ni mo tó wo yàrá náà dáadáa. Wọ́n ti fi fóòmù dí ojú òkè, wọ́n sì fi ọ̀rá líle funfun bò ó kí ó lè dán. Wọ́n ti yọ gbogbo pẹlẹbẹ pákó ìhà ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì fi odindi gíláàsì kan dípò rẹ̀, èyí tí kò ṣí. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lára ògiri, kò mí. Mo dìde, mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ooru ń gbà jáde tẹ́lẹ̀, àti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaji ní àwọn tó ta ẹ̀rọ náà ni wọ́n sọ pé òtútù yóò máa jò jáde bí a kò bá dí i.

Baálé ní, "Bí iná bá wá lọ ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà."

"Èyí tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Àlàmísì yẹn?"

Baálé dájọ́ pé káfíńtà kò jẹ̀bi. Alhaji ní òun ti gbọ́. Mo dúpẹ́, mo sì wí pé níwájú mọ́sálásí ni wọ́n ti bú mi, níbẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti kó èébú náà kúrò lórí mi. Baálé ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó ní ènìyàn pàtàkì ni Alhaji, kò dára kí a dójú tì í ní gbangba. Mo ní gbangba ni wọ́n ti dójú ti èmi. Nígbà tí wọ́n ní kí n bá wọn ṣí ojú òkè náà padà, mo ní ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo béèrè ni n óò gbé irin iṣẹ́ mi wá. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ó pẹ́ tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rò pé ẹ̀tọ́ mi ni. Ojú ọ̀nà ilé náà ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí ooru ti lé Màmá sọ̀ kalẹ̀, mo ń rí i lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí ó ṣókùnkùn, tí àwọn ènìyàn ń ré ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú korobá omi. Mo ń kí i, ó ń dá mi lóhùn, mo ń lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n dúró.

"Ṣé èmi ni mo bú ọ?"

"Rárá, Màmá."

"Ta wá ni ò ń fìyà jẹ?"

Nínú àwa mẹ́rin tí a jókòó ní ọjọ́ ẹjọ́ náà, òun nìkan ni ó jẹ́rìí mi láìsí ìbẹ̀rù, òun náà ni mo wá fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Alhaji ń ti ọjà rẹ̀ dé lójoojúmọ́, ó ń jẹun, ó ń sùn. Ẹ̀tọ́ tí mo ń di mú, orúnkún Màmá ni ó ń ru ú.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé àpótí irin iṣẹ́ mi lọ. Mo yọ fóòmù, mo ta nẹ́ẹ̀tì tuntun, mo so okùn mìíràn. Wọ́n kò tíì da pẹlẹbẹ pákó mi nù. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti kó wọn, mo yọ gíláàsì tí kò ṣí náà, mo sì tò wọ́n padà. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ amúlétutù náà, nítorí n kò bá a jà. Mo sọ fún Màmá pé bí iná bá wà, kí ó pa òkè dé, kí ó gbádùn ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ, kí ó ṣí i. Wọ́n gbé e gòkè. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀lé e, bí mo ti ń wá bàtà mi, Alhaji la èrò kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Ariwo rọlẹ̀. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kàn ń kí bàbá ni. Mo mọ̀ pé ohun ńlá ni fún ẹni bíi tirẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi. Ṣùgbọ́n ìkíni kọ́ ni mo béèrè.

Mo ní, "Ẹ dìde, Alhaji. Ẹ sọ fún wọn ohun tí ẹ torí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn aṣọ rẹ̀.

"Yàrá ìyá mi. Bàbá ṣe é dáadáa. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó sún mọ́ wa gbọ́. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ń bi ara wọn pé kí ló wí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dárí jì í tọkàntọkàn. Ohun tí n kò tíì mọ̀ di òní ni bí ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ yóò ṣe lé èyí tí a fi ariwo sọ bá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra èlùbọ́ ní Èbúté Èrò. Obìnrin tó ń tà á kò mọ Alhaji, kò sì mọ Màmá. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé, "Káfíńtà Aláàrò, ẹ káàbọ̀ o. Mélòó ni kí n wọ̀n?" Kò ní èrò búburú kankan, orúkọ tí ó gbọ́ ni ó pè. Mo sọ àpò mi kalẹ̀, mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀ kí n ro ìdí orúkọ náà fún un. Ó ní oníbàárà mẹ́ta ló wà níwájú mi. Mo ní kò burú, n óò dúró.