Sabina Cunnane àti Ìkòkò Àìsùn Festus Galvin

Ọdún mọ́kànlélógún ni Sabina Cunnane fi fá ojú ìkòkò tábà kí ọkọ rẹ̀ tó kú, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó fọwọ́ kan wáyà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí ní Cloonmurra, létí adágún Ree. Ọkùnrin ní ń yí amọ̀, òun ní ń fi wáyà lu ihò èéfín sí i, òun náà ní ń tẹ̀ ẹ́ sáàárín irin ìtẹ̀ alápá méjì. Obìnrin ní ń fi ọ̀bẹ kékeré fá ibi tí ojú irin méjèèjì ti pàdé, títí ara amọ̀ yóò fi dán. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfin ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìkòkò tí obìnrin bá lu ihò rẹ̀ kò ní fa èéfín.

Malachy ọkọ rẹ̀ kú ní ìgbà òtútù ọdún 1907. Àìsàn àyà ni ó pa á, bí ó ti ń pa àwọn oníṣẹ́ amọ̀. Wọn kò bímọ, nítorí náà irin ìtẹ̀ àti ààrò bọ́ sọ́wọ́ Luke, àbúrò Malachy. Àgbẹ̀ ni Luke, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sọ fún Sabina pé alágbẹ̀dẹ kan fẹ́ ra irin náà kí ó lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun yóò dúró di ìparí oṣù Kẹwàá. Bí àwọn ènìyàn bá ṣì ń ra ìkòkò nígbà náà, kí irin máa gbé ibi tí ó wà. Bí wọn kò bá rà, kí Sabina kó wá sílé òun, kí ó máa bá Una ìyàwó òun tọ́jú adìẹ.

Sabina kò fẹ́ràn adìẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ wáyà. Ó mọ bí a ti ń gún amọ̀ funfun, ó mọ bí a ti ń yí i bí ìrù tí ó ní orí ńlá, tí a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó le díẹ̀. Wáyà ni kò mọ̀. Ogójì àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Ojú wáyà ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀gún. Ó pẹ́ kí ó tó rántí pé Malachy kì í wo iṣẹ́ náà rárá. Fèrèsé ni Malachy máa ń kọjú sí tí ó bá ń ti wáyà, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ní ń bá ojú wáyà rìn láti òde amọ̀. Sabina náà pa ojú rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà ni wáyà ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rà á. Hubert Lyster tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ìlú sọ fún un pẹ̀lú sùúrù pé òun kò ní ohun kan lòdì sí i, àwọn oníbàárà òun ni kò fẹ́ ẹ. Oṣù Kẹwàá wọlé, ìkòkò sì kún pẹpẹ.

Nígbà náà ni Festus Galvin wá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, òun nìkan ní ń gbé lẹ́yìn afárá. Ó jókòó, ó ní dọ́sìnnì mẹ́fà Olúwa-ṣàánú ni òun fẹ́.

Níbi àìsùn òkú lọ́dọ̀ wa, àwo ìkòkò tuntun tí a ti di tábà sí máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan yóò kọ́kọ́ ní kí Olúwa ṣàánú ọkàn òkú náà. Láti inú èyí ni ìkòkò yẹn ti rí orúkọ rẹ̀.

“Ta ló kú, Bàbá?” ni Sabina bi í.

“Èmi ni. Àmọ́ kò tíì yá.”

Ó ṣàlàyé pé láti ọgọ́ta ọdún ni òun ti ń lọ sí àìsùn, tí ìkòkò yóò dí, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa bú òkú torí rẹ̀. Òun fẹ́ tọ́ tòun wò nígbà tí ẹnu òun ṣì lè fà á. Sabina rán an létí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìkòkò tí obìnrin lu. Festus ní òun ti gbọ́, òun ṣáà ti gbọ́ pé obìnrin kò lè wa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pẹ̀lú, wọ́n sì ń wà á.

Ní ọ̀sán Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù náà, Sabina gbé apẹ̀rẹ̀ ìkòkò lọ, ó sì gbé e lé àpótí lẹ́nu ọ̀nà Festus. Ó bá Honor Naughton níbẹ̀. Honor ni a máa ń pè láti sunkún òkú ní gbogbo agbègbè wa, ohùn rẹ̀ sì lè ré adágún kọjá. Festus di tábà sí mélòó kan, ó tan ọ̀kan, ó fà á, èéfín sì jáde láìjà. Ó na òmíràn sí Honor. Bí Honor ti gbà á, ẹnu tí ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́ ṣe é kí ó tó ronú:

“Kí Olúwa ṣàánú ọkàn Festus Galvin.”

Ọkùnrin kan tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá gbọ́ ọ láti títì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi ìròyìn náà sáré dé ìlú.

Kò pé wákàtí kan tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé, pẹ̀lú búrẹ́dì, tíì, àti àga tí wọ́n yá. Apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Olúkúlùkù tẹríba, ó mú ìkòkò, ó gba àdúrà, lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, tí ó rí òkú tí ó ń mu tábà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Fadá mú òróró mímọ́ tí a fi ń kun ẹni tí ó fẹ́ kú dání. Festus ní kí ó jókòó, pé òróró náà kò ní bàjẹ́. Lyster bínú díẹ̀ torí pé ó ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá àdúrà padà, ìkòkò sì ti wà lọ́wọ́, ni wọ́n bá tan án.

Ilé kún fún èéfín. Luke yí ti ọwọ́ rẹ̀ wò.

“Èyí ń fà dáadáa, á jẹ́ ìyókù ti Malachy,” ni ó wí. “Kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n ṣe báyìí mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Sabina mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, wọn yóò ra gbogbo èyí tí ó wà lórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ti olóògbé, lẹ́yìn èyí irin yóò lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó dìde.

“Kì í ṣe ti Malachy, Luke. Èmi ni mo lù ú.”

Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ ìkòkò lẹ́nu, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé yóò dí lójú wọn. Honor Naughton nìkan ni kò yọ tirẹ̀.

Festus ní, “Kí ló dé tí ẹ yọ ọ́ lẹ́nu? Ó ń fà kí ẹ tó gbọ́. Hubert, ìwọ ti ń di ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo rí ẹ.”

Lyster wo tábà tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ di í tán. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ Sabina iye tí ó lè rí ṣe kí Kérésìmesì tó dé, torí pé òun nílò ogójì dọ́sìnnì. Luke ń gbọ́. Ó fa ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní alágbẹ̀dẹ yẹn kò tiẹ̀ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí ó wá irin níbòmíràn.

Festus lo ọdún mẹ́rin sí i láyé, Sabina sì ṣe ìkòkò àìsùn mìíràn fún un, torí pé wọ́n mu àkọ́kọ́ tán lọ́jọ́ náà.

Ní Mọ́ńdè tí ó tẹ̀lé Sátidé náà, Sabina dá iná sí ààrò. Ogójì dọ́sìnnì pọ̀ fún ọwọ́ méjì, nítorí náà ó ránṣẹ́ pe Una ìyàwó Luke, ó jókòó tì í, ó ní kí ó pa ojú dé, kí ó sì fi ìka òsì wá ojú wáyà. Mẹ́ta bàjẹ́, ìkẹrin gbà. Luke dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ẹni tí yóò se ọ̀dùnkún.

“Ọ̀dùnkún ò le, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ lè kọ́ ẹ,” ni Una wí, kò sì la ojú.