Bí Mo Ṣe Gba Àṣẹ Láti Fa Ààrò Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin a máa yan ẹja tà ní Ẹlẹ́yẹlé. Kì í ṣe ààrò kékeré ẹ̀yìn ilé ni ó ń lò. Ilé irin ni, ó ní ilẹ̀kùn méjì àti ihò èéfín lórí, ajórin tí ó ṣe é sì jó o mọ́ orí pẹpẹ onítáyà mẹ́rin kí ó lè ṣeé fà. Tírélà ni àbúrò mi ń pe gbogbo rẹ̀. Mo máa ń tún un ṣe fún un pé pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni tírélà, ààrò ni ti òkè. Á ní, "Àǹtí mi, ẹja ò mọ ìyàtọ̀."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, kò kúrò lójú kan rí. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá mọ́ tí ààrò ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni òun yóò pè. Àbúrò mi ti rí àyè mìíràn lẹ́yìn ọjà Bódìjà. Awakọ̀ kan tí ó kọ́kọ́ gbà láti bá a fà á dé ibẹ̀, ó yí i ká, ó ní, "Ìyá, ilé lẹ fẹ́ kí n fà," ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ààrò yẹn bá lọ, iṣẹ́ àbúrò mi lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi wá jókòó sí pálọ̀ mi ní Agbowó, tí ó ń gba ojú fèrèsé wo píkọ́ọ̀pù tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi.

"Àǹtí mi, ọkọ̀ yín yìí lágbára o."

"Ó lágbára. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi ni kò lágbára."

Ìwé tí mo ní, ọkọ̀ kékeré nìkan ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ so ẹrù wúwo mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kí ó sì fà á gba títì, irú ìwé mìíràn ni yóò gbà, yóò sì ṣe ìdánwò rẹ̀ lójú olùdánwò. Mo mú ìwé òfin ìrìnnà, mo kà á sí i létí.

"Gbogbo àwọn tó ń fa nǹkan kiri ìgboro yìí, ta ló ń bi wọ́n?"

"Èmi yóò bi ara mi."

"Ẹ ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ o, Àǹtí mi!"

"Kíláàsì ni mo fi sílẹ̀. N kò fi òfin sílẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wa ọkọ̀ mi lọ sí pápá ìdánwò kan nítòsí Ring Road. Àbúrò mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. A ti gbọ́ ohùn olùdánwò kí a tó rí i. Awakọ̀ akẹ́rù kan ni ó ń fi ọ̀rọ̀ nà: "Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò? Adìyẹ? Adìyẹ gan-an á wo ẹ̀yìn!" Ọkùnrin gàgàrà ni, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi. Kí n tó sọ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́, fèrè rẹ̀ sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀.

"Tíṣà wa! Ẹ káàárọ̀ mà!"

N kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ìgbà tí ó dìde tí ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ni mo mọ̀ pé mo ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ wọn láti dúró níwájú àgbà nígbà náà. Àbúrò mi fi ìgúnpá gún mi ní ìhà. "Ọlọ́run ti gbọ́," ni ó wí. "Ọmọ yín ni."

Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Wọ́n so tírélà ìdánwò, tí wọ́n ti di òkúta lé, mọ́ ìdí ọkọ̀ mi. Mo yẹ táyà wò, mo yẹ iná ẹ̀yìn wò, mo fa ṣéènì wò bóyá wọ́n dè é dáadáa. Mo wà á yí pápá ká láìsí wàhálà. Ó wá ku kí n fi ẹ̀yìn rìn wọ àárín àwọn ike pupa tí wọ́n tò sí ọ̀tún àti sí òsì.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ̀. Tírélà kì í gbọ́ràn: bí o bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, òsì ni ìdí rẹ̀ ń lọ. Àṣà ibẹ̀ ni pé olùdánwò á kọ́kọ́ tọ́ ènìyàn sọ́nà lẹ́ẹ̀kan kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ọkùnrin yìí sọ kò ju "Ẹ yí i sí òsì" lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wo ojú tíṣà rẹ̀ kí ó ní kò mọ ọ̀nà? Ó sún mọ́ fèrèsé, ó tẹrí ba.

"Tótó ó ṣe bí òwe o, tíṣà wa."

Ọkọ̀ ń lọ sẹ́yìn. Ọmọ tó bá tọrọ àforíjì kí ó tó pa òwe níwájú àgbà, dandan ni kí àgbà dá a lóhùn.

"O ó rí òmíràn pa," ni mo wí.

"Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá fẹ́ kí àgùntàn wọlé ní òsì, ọ̀tún ni í ti í lé e."

Gbàm! Ike kan wó.

Mo dúró. "Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? N kò gbọ́ òwe yẹn rí."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ rí, mà. Ẹ má bínú."

A tún un ṣe. Ó tún ṣe tótó, mo tún dá a lóhùn, òwe ṣì ń bọ̀ lọ́nà nígbà tí tírélà gun ike mìíràn. Nígbà tí èmi àti òun fi máa hùwà ọmọlúàbí tán, kò sí ike kankan lórí ìdúró mọ́.

"Ẹ gbìyànjú gan-an, mà," ni ó wí. "Ẹ ò tún nílò ìdánwò gan-an mọ́. Ẹ ti yege."

"Mo ti kí ni?"

"Àwọn ike yẹn ni ò dúró ire, mà. Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn wo? Ta ló ń ṣe ìdánwò, èmi ni tàbí ike?"

Awakọ̀ akẹ́rù tí ó bú lẹ́ẹ̀kan pariwo láti orí ìlà: "Ìyá, ẹ gbà á! Ike kan péré ni èmi wó, wọ́n ní adìyẹ ló kọ́ mi!"

Àbúrò mi tẹ ẹnu mọ́ mi létí. "Àǹtí mi, ẹ gbà á. Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn onírin gbé ààrò mi lọ ni?"

N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ọ̀nà ọjà Bódìjà, àwọn kẹ̀kẹ́ márúwá, àwọn aláta tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì, àti ilé irin tí yóò máa tẹ̀ lé mi, tí n kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ike kì í ké "yéè". Ènìyàn ni í ké e. Mo ní kí olùdánwò kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo kùnà.

"Kí n kọ kí ni, mà? Bí ìyá mi bá gbọ́, ilé wo ni n ó wọ̀ lónìí?"

"Kọ ọ́."

"Ọwọ́ mi ò gbà á, mà. Ẹ bá mi kọ ọ́." Ó fi ọwọ́ méjèèjì na bírò sí mi.

Mo gbà á, mo kọ ọ́ pé: "Kò yege. Ìwà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ó túbọ̀ tẹra mọ́ iṣẹ́ rẹ̀." Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi bú sẹ́kún.

"Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́!" ni ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. "Wọ́n tún fàlà sí i!"

Ẹkún yẹn ni ó mú ọgbọ́n wá. Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí olùdánwò. "Ìwọ náà! Bí ìyàwó ilé bá ní ọ̀rọ̀ sínú sí ìyá ọkọ, ṣé ìyá ọkọ ni í bá wí? Ṣebí ewúrẹ́ ni í bú, kí ìyá ọkọ lè gbọ́. Bá ọkọ̀ wí!"

Ọkùnrin náà wò mí. Mo ní kí ó máa ṣe é lọ. Ó lọ dúró síwájú ọkọ̀, ó na ìka sí iná rẹ̀.

"Ìwọ ọkọ̀ yìí! Olórí kunkun! Òsì ni mo ní, ọ̀tún lò ń lọ! Rọra! Ta ló ń lé ẹ? Dúró! Mo ní dúró, àbí etí ẹ di ni?"

Mo dúró. Mo yí i sí òsì. Mo rọra. Ìdí tírélà yí bí màlúù tó rí ọ̀nà ilé. Ó bú ọkọ̀ náà títí oòrùn fi mú, mo sì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, ó ń gbádùn rẹ̀ jù. Ó sọ fún ọkọ̀ pé ìwà ìkà ni kí ènìyàn máa fún ọmọdé ní iṣẹ́ àṣetiléwá ní ọjọ́ Ẹtì. Mo yọ orí lójú fèrèsé.

"Ọkọ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ àṣetiléwá rí."

"Ẹ má bínú, mà. Èmi àti ọkọ̀ ni."

Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ìdánwò gan-an kò gba kí ó sọ̀rọ̀, nítorí náà ó ki fèrè bọ ẹnu kí òwe má baà bọ́. Ike kankan kò wó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ èsì lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì fún mi ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ kí ojúlówó tó jáde.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a so ààrò mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù. Onílẹ̀ ká apá mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà, oníṣòwò irin àlòkù kan sì dúró tì í, ó ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá. Mo kí wọn. Mo yẹ ṣéènì wò, mo tún un yẹ̀ wò, mo sì ṣíná sí ọkọ̀. Mo rọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke fi kọjá wa ní Sángo, tó sì juwọ́ sí wa. Àbúrò mi fi gèlè bojú.

Ẹnu ọ̀nà àyè tuntun náà fún. Kò sí ẹni tí yóò tọ́ mi sọ́nà àyàfi àbúrò mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú ọkọ̀.

"Ìwọ ọkọ̀ yìí, tí o mọ òfin ju ọlọ́pàá lọ! Òsì! Tí o fi bírò fẹ́ẹ̀ sọ mí di aláìníṣẹ́! Ọ̀tún díẹ̀! Tí o ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe láti kékeré! Máa bọ̀, máa bọ̀!"

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò fèsì, nítorí kì í ṣe èmi ni ó ń bá wí. Ààrò wọlé, kò kan ògiri.

Ó dáná sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn aládùúgbò tuntun wá wò ó, ó sì jókòó, ó ń ròyìn ìdánwò náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ike tí mo wó nínú ìròyìn rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo wó lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún un ṣe fún un ni a gbóòórùn: ẹja àkọ́kọ́ ti jóná. A ha dúdú rẹ̀ kúrò, a pín in, a sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.