Rọ́bà Àtàǹpàkò Inú Bọ́ọ̀lù Àbúrò Mi

Nígbà tí a ń pín ogún àbúrò mi, bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó fẹ́. Áfáà tó ń bá wa pín in, ọmọ Ìlọrin, gbé aṣọ sí ọ̀tún, ó gbé rédíò sí òsì, ó wá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù náà. Kò mì rárá.

“Kí lèyí? Ṣé ọmọ ọlọ ni àbí bọ́ǹbù?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi.

Bọ́ọ̀lù bólíǹgì ni. Àbúrò mi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìṣeré kan níbí ní Niamey, níbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lórí pákó dídán láti fi wó igi mẹ́wàá tó dà bí ìgò. Faransé kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi bọ́ọ̀lù náà ta á lọ́rẹ. Ihò mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: méjì fún ìka, ọ̀kan fún àtàǹpàkò. Inú ti àtàǹpàkò ni wọ́n máa ń ti rọ́bà roboto oníhò kan bọ̀, kí ihò lè bá ọwọ́ ẹni tó ni ín mu. Àbúrò mi fi gọ́ọ̀mù lẹ tirẹ̀ pinpin, ó sì lò ó títí èékánná rẹ̀ fi gbẹ́ ojú kan síbẹ̀.

Àárín ọyẹ́ ló kú, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Àwọn àgbà wa ò jẹ́ kí n dé itẹ́ òkú; wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. Nítorí náà, tí mo bá kírun Alásárì tán ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Dar es Salam, àdúgbò kan níbí ní Niamey, tí kò sí oníbàárà, mà á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí mo gbé bọ́ọ̀lù náà sí, mà á ki àtàǹpàkò bọ ihò yẹn, mà á wá ojú ibi tí èékánná rẹ̀ gbẹ́. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n! Tí ìyàwó mi bá yọjú, mà á ní abẹ́rẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ooru dé, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ẹni ogún ọdún, wọ takisí láti Harobanda ní òdìkejì odò wá bá mi.

“Tọ́ntọ́n, mo fẹ́ bọ́ọ̀lù pàpá.” Tọ́ntọ́n ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá níbí.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ máa jù ú. Pàpá ló kọ́ mi.”

A gbé e lọ sí ilé ìṣeré náà. Ọkùnrin ẹ̀yà Zarma tó ń lu ihò bọ́ọ̀lù níbẹ̀ gbé páálí rọ́bà síwájú wa, ó ṣàlàyé ní Haúsá: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wọlé láìfi agbára tì í, kó jáde láìfà á, síbẹ̀ kó máa kan ara ihò yí ká. Ó ní ká má yan èyí tó fún jù, torí pé ooru máa ń mú ọwọ́ wú. Ọmọ náà wọn pupa, ó há. Ó wọn dúdú, ojú rẹ̀ là.

“Voilà! Èyí ni.”

“Ó dáa,” ni ọkùnrin náà wí. “Alájì, ẹ jẹ́ kí n yọ ti àtijọ́.”

“Báwo lo ṣe máa yọ ọ́?”

“Gọ́ọ̀mù ti gan. Mà á fi ẹ̀rọ fọ́ ọ ni.”

Mo gba ọwọ́ ọmọ náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò bíi dókítà. “Ẹ má fọ́ nǹkan kan. Ọmọ yìí ṣì ń dàgbà. Ti bàbá rẹ̀ máa tó bá a mu. Ẹ kàn lẹ tépù sínú rẹ̀.”

“Haba, Alájì! Ibo ló tún ń dàgbà lọ?”

Ṣùgbọ́n èmi ni àgbà. Wọ́n lẹ tépù.

Ọmọ náà fi gbogbo agbára fún bọ́ọ̀lù mọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, bó ṣe fọwọ́ sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́, ó balẹ̀ gbìì, ó ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí àga, mo ká aṣọ dé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rín, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó: awọ ti bó ní oríkèé, ẹ̀jẹ̀ ń yọ.

“Ká fi í lẹ̀, Tọ́ntọ́n. Bóyá pàpá ò fẹ́ kí n lò ó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Bàbá tó kọ́ ọ ní eré náà ni ọmọ ń rò pé ó ń lé òun, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bẹ̀rù nítorí rọ́bà.

Mo ní, “Irọ́ ni mo pa. Dúdú yẹn ló bá ọ mu. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fọ́ ti bàbá rẹ ni.”

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. “Ẹ ò bá ti sọ. Ẹ wo ọwọ́ mi!”

Èmi fúnra mi gbé bọ́ọ̀lù náà fún ọkùnrin yẹn. Ó dì í mọ́ irin. Mo ti pinnu pé mà á wò ó dópin, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ han, mo kọjú sí ògiri, mo ń ka kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá. Nígbà tí mo yíjú padà, rọ́bà ti di wẹ́wẹ́ lórí tábìlì. Ọkùnrin náà fẹ́ eruku kúrò nínú ihò, ó fi gọ́ọ̀mù tó máa ń yára gbẹ pa rọ́bà dúdú lára, ó tì í wọlé.

Ó wá mú ìgbálẹ̀ kékeré, ó gbá gbogbo wẹ́wẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ eruku sínú agolo. Mo fẹ́ ní kó dúró. Ṣé kí n ní kó bá mi ṣa èyí tí èékánná àbúrò mi gbẹ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gun àga! Ojú tì mí. Ó gbé agolo jáde, ó dà á nù.

“Tọ́ntọ́n, ẹ wá wò ó, àtàǹpàkò mi wọlé.”

Mo lọ wò ó. Ó wọlé lóòótọ́.