Lubabah Tó Ń Ṣèwádìí Owó Síìpù

Lubabah, ọmọ Mùktárù télọ̀ ní Pápá Àjàó, kì í ṣe oníwàhálà ẹ̀dá. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gba oyè kejì ní yunifásítì ló gbé e dé ọjà Tejuoso: bí dọ́là bá gòkè tàbí tó bá wálẹ̀, báwo ló ṣe ń kan iye owó síìpù tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà? Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń dúró níwájú ìsọ̀ Àlàájà Kùdírátù tó ń ta síìpù, táá kí i, táá béèrè iye síìpù, táá sì béèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nípa dọ́là.

Dọ́là wálẹ̀. Síìpù gòkè. Dọ́là tún wálẹ̀ sí i, síìpù tún gòkè sí i. Ẹnu Lubabah kò lè padé mọ́. Inú olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Benjamin, ń dùn bí ẹni tó jogún ilé: "Kò sí ìwé tó tíì ṣàlàyé irú èyí rí!"

Inú Mùktárù ò dùn ní tiẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ rírán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, iye tí wọ́n sì fẹnu kò sí kò ṣeé yí.

"Bí síìpù ò bá wálẹ̀, màá ní láti ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan fi dí i. Lubabah, ṣé ìwé tó ò ń kà yẹn ò ní oògùn kankan ni?"

Lubabah gba ọjà lọ. "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, dọ́là ń wálẹ̀. Ta ló ń gbé síìpù yín gòkè?"

Àlàájà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ni!"

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ wo ọmọ yìí! Ṣé akọ̀wé á kàn máa béèrè dọ́là lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìrí nǹkan tó ń bọ̀? Gbogbo oníṣíìpù láìnì wa ló mọ̀ ọ́. Bó o bá ti yíjú báyìí, a ti fi díẹ̀ lé owó rẹ̀. Àwọn míì ò tiẹ̀ ta tiwọn mọ́, wọ́n ti kó o pamọ́."

"Ìwádìí lásán ni mò ń ṣe, mà!"

"Ohun tí ẹni tó mọ nǹkan máa ń sọ náà nìyẹn."

Lubabah ṣí ìwé rẹ̀ wò. Gbogbo iye tó ń fi ọ̀wọ̀ kọ sílẹ̀ látọjọ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń bí i.

Ọ̀mọ̀wé Benjamin ṣì ń retí iye oṣù méjì sí i. Mùktárù ń retí síìpù. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Lubabah dé iwájú ìsọ̀. "Ẹ kú ọjà, mà." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

"Kò béèrè o!" Àlàájà figbe ta. "Yéè! Ẹ gbé e síta, owó síìpù ti fẹ́ já lulẹ̀!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, síìpù ti kún ojú ọ̀nà. Mùktárù ra tirẹ̀ níye tó pọ́kú tí kò rí rà lọ́dún tó kọjá pàápàá, ẹnu sì ya òun náà.

Ọ̀mọ̀wé Benjamin ṣì ń béèrè ibi tí iye oṣù méjì tó kẹ́yìn wọlé sí. Lubabah ní ó wà lára aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.