Ilé Tí Kò Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù àti ọ̀dà tuntun ló gba imú mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé tí ọkọ mi kọ́ sí Ọ̀jọ́, létí ọ̀nà tó lọ sí ọ̀sà. Òmìnira ò tíì dé nígbà náà. Páànù ilé ń dán, fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì, inú mi sì dùn débi pé mo ń fọwọ́ pa ògiri lára bí ìgbà tí èèyàn ń pa ọmọ lórí.

Èbúté Àpápá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń wo ilé àwọn òyìnbó. Ó ní ilé ọ̀làjú ò nílò ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń sinmi, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń hun ẹní, onímọ́sáláṣí àti oníṣọ́ọ̀ṣì sì ń bu omi mu nínú àmù kan náà.

Oyún àkọ́kọ́ wà nínú mi, ẹ̀rù ìrọbí sì ń bà mí gan-an. Ìyá tó bí mi ti kú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni kí ìyá ọkọ mi kó wá bá wa kí n tó bímọ. A ti tún yàrá ṣe sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n wá wo ilé, wọ́n yìn ín, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì padà sídìí ẹní wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé ibi tí ẹni tó ń kọjá ò ti ní lè kí àwọn. Ọkọ mi ní àgbà ló ń da ìyá òun láàmú. Èmi wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró lójú fèrèsé, òjò sì ya lulẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà ká aṣọ sókè, wọ́n ń sáré, ọkọ mi wà láàrin wọn. Mo yára ṣílẹ̀kùn fún un. Àfi bí ọkọ mi ṣe sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo da aṣọ borí, mo tẹ̀ lé e. Mo bá a láàrin èrò, ó ń jẹ àgbàdo sísè, ẹ̀rín gbẹnu rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wò mí, wọ́n wá kọjú sí i.

“Ilé rẹ dára, ọmọ mi,” ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́. “Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, ibo lo sá sí?”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí bíríkìlà àti káfíńtà fi dé. Wọ́n na òrùlé wa síwájú, wọ́n mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ju ti ìyá lọ, ọkọ mi sì ń júwe rẹ̀ fún àlejò bíi pé òun ló kọ́kọ́ rò ó. Ìyá kó dé, àwọn obìnrin tó ń hun ẹní tẹ̀ lé wọn, àwọn apẹja náà ò gbẹ́yìn. Àárín wọn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí ìrọbí mú mi. Kí n tó ké, wọ́n ti dì mí mú.

Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ni mo ti wọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ń yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó pe ilé kan ní ilé, mo kọ́kọ́ ń wo ibi tí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ lè jókòó sí.